Nígbà Tí Ewé Bá Pọ́n: Ǹjẹ́ Èrò Rere Nìkan Tó?

  

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Bí ènìyàn bá ṣe nǹkan pẹ̀lú èrò rere, tí nǹkan náà sì di ìpalára fún ẹni tí ó fẹ́ ràn lọ́wọ́, ǹjẹ́ èrò rere rẹ̀ tó láti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀bi? Ọ̀pọ̀ wa ni yóò yára dáhùn pé ó tó, nítorí pé Ànábì ti sọ pé iṣẹ́ wà pẹ̀lú àníyàn. Àwa náà ti máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀fọ́ kékeré kan kọ́ wa pé kí á má yára.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, àwa pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-kéwú wa àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ní àdúgbò dá ọgbà ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìn mọ́sáláṣí. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí àwọn òbí wọn kò lágbára láti ra kítáàbù fún wọn. A sọ pé bí a bá ta ẹ̀fọ́, a ó fi owó rẹ̀ ra kítáàbù náà, láìjẹ́ pé ọmọ kankan na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. A kọ ebè mẹ́rin tí ó fẹ̀ dáadáa. A da èso tẹ̀tẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, a da ewédú sí ìkejì. Tòmátò àti ata tí a ti kọ́kọ́ mú hù sí ibòmíràn ni a hú wá, tí a tún gbìn sórí ìkẹta àti ìkẹrin. Gbogbo wa ni inú wa dùn.

Kò pé oṣù kan tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kàn. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀yin ará, kì í ṣe pé a wo ilẹ̀. A wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Ọmọkùnrin kan tí ilé wọn kò jìnnà sí mọ́sáláṣí ni a fi omi bíbu sí ìkáwọ́ rẹ̀. A pè é síwájú kíláàsì, a bi í léèrè. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń bomi rin ín, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. A kò gbà á gbọ́. A ní bí omi bá ń kan ẹ̀fọ́, ewé rẹ̀ kò ní pọ́n. A pè é ní ọ̀lẹ, a tún fi irọ́ pípa kún un. Ọmọ náà kò fèsì mọ́, ilẹ̀ ni ó ń wò.

Lẹ́yìn èyí ni ìrànlọ́wọ́ dé lóríṣiríṣi. Àwa fúnra wa fi omi kún omi. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ gbé yùríà wá, ìyẹn ajílẹ̀ òyìnbó funfun, ó ń bu ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sí ìdí ewédú. Òmíràn kó eérú láti ìdí ààrò ìyá rẹ̀, ó dà á sí ìdí tòmátò. Ẹlòmíràn ní ojú ayé ni, kí á máa tọ àdúà sí i. A ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà fi parí, etí ewé ewédú ti jó bí ẹni pé iná rà á, tẹ̀tẹ̀ sì ti ń dojú bolẹ̀.

ÀWỌ̀ KAN, OKÙNFÀ MẸ́RIN

Ìyá àgbà kan wà tí ó ń dá ẹ̀fọ́ lẹ́bàá odò, tí ó sì máa ń wá kírun Jímọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ó rí ọgbà náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun gbogbo tí a ti ṣe fún un. Ó ní, "Áàfáà, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ìdí rẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ẹyọ kan tu lórí ebè kọ̀ọ̀kan, ó wo gbòǹgbò rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fún erùpẹ̀ ibẹ̀ mọ́wọ́. Nígbà tí ó ṣe tán, ó ní ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣe ebè mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì wá wò ó lẹ́yìn náà, ó sì la ìdí ọ̀rọ̀ ìyá náà yé wa.

Ebè àkọ́kọ́: gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ ti dúdú, ó ti rọ̀, ó ń rùn. Bí a ti fún erùpẹ̀ rẹ̀, omi ń kán. Ìyá náà nàka sí ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, ó ní, "Ibí ni omi yín ń sùn sí." Òtítọ́ ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, gbogbo omi tí àwa àti àwọn ọmọ ń dà nù láti Àsùbáà títí di Ìṣáì ni ó ń wọ́ lọ síbẹ̀. Gbòǹgbò náà nílò afẹ́fẹ́. Bí omi bá kún gbogbo ihò tí ó wà nínú erùpẹ̀, gbòǹgbò kò ní rí èémí mí, kò sì ní lè fa oúnjẹ àti omi sókè mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀fọ́ tí ó dúró sínú omi fi ń rọ, tí ewé rẹ̀ sì ń pọ́n bí ti èyí tí òùngbẹ ń pa.

Ebè kejì: ilẹ̀ ibẹ̀ le nígbà tí a ń kọ ọ́, nítorí náà a ti kó ìyẹ̀fun pákó tútù wá láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, a pò ó mọ́ erùpẹ̀ kí ó lè rọ̀. A kò mọ̀ pé àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ń jẹ pákó náà títí tí yóò fi jẹrà nílò oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní náítírójìn. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, ẹ̀fọ́ kò sì rí tirẹ̀ gbà. Ewé àgbà tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń pọ́n bí náítírójìn bá dínkù, nítorí pé ewéko máa ń gba èyí tí ó wà lára ewé àgbà láti fi tọ́ ewé tuntun. Ẹni tí ó gbé yùríà wá kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n ìdá 46 nínú 100 yùríà ni ó jẹ́ náítírójìn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí a bá wọ́n jìnnà sí ìdí ewéko a máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kúnwọ́ kan lórí gbòǹgbò ọmọ ewédú, jíjó ni yóò jó o.

Ebè kẹta: ewé ìsàlẹ̀ tòmátò nìkan ni ó pọ́n, orí rẹ̀ ń rú ewé tútù jáde. Ìyá ní, "Èyí kò ṣàìsàn. Ó ń mọ ilé tuntun ni." Nígbà tí a hú u kúrò níbi tí ó ti hù, díẹ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ já. Kò lè bọ́ gbogbo ewé rẹ̀ mọ́, nítorí náà ó fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ títí gbòǹgbò tuntun yóò fi dé. Ebè tí kò nílò nǹkan kan rárá ni a da eérú sí. Bí eérú bá pọ̀ jù, ó máa ń mú kí ó ṣòro fún gbòǹgbò láti rí irin fà nínú ilẹ̀, ewé tuntun a sì wá máa pọ́n, tí iṣan rẹ̀ nìkan yóò tutù. Díẹ̀ ni ó kù kí á fi oògùn dá àìsàn sílẹ̀.

Ebè kẹrin: ewé ata pọ́n ní tótòtó, ó ká kò, àwọn kòkòrò funfun wíńníwíńní sì ń fò lábẹ́ rẹ̀ bí a ti fọwọ́ kàn án. Àrùn ni èyí, kòkòrò ni ó sì ń gbé e láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Kò sí omi tàbí ajílẹ̀ tí í wò ó. Ìyá náà tu gbogbo èyí tí ó ti mú, ó ní kí á gbé wọn jìnnà kí á sun wọ́n, kí àwọn tí ó kù má baà kó o.

A gbẹ́ ojú omi láti ibi àlùwàlá gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà lọ. A gbé ebè àkọ́kọ́ ga sí i, a sì dá omi bíbu dúró àfi bí a bá ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì tí a bá ilẹ̀ ní gbígbẹ. A bomi ṣan ajílẹ̀ òyìnbó kúrò ní ìdí ewédú níwọ̀n tí a lè ṣe, a sì po ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti pẹ́ tí ó ti jẹrà dáadáa mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, nítorí pé tútù rẹ̀ náà a máa jó ewéko. A fi tòmátò sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tẹ̀tẹ̀ tí kò tíì kú rú ewé tuntun tí ó tutù. Èyí tí ó ti pọ́n kò padà tutù mọ́, ó já bọ́ ni. Ìlàjì ewédú kú, a tún òmíràn dà. Kítáàbù tí a rí rà lópin rẹ̀ kò tó iye tí a ti pinnu.

ÀRÍYÀNJIYÀN NÍPA ÀNÍYÀN

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè wa. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó fẹ́ pa ẹ̀fọ́ náà. Ẹni tí ó gbé yùríà wá, owó ara rẹ̀ ni ó fi rà á. Ǹjẹ́ ẹ̀bi kankan wà lọ́rùn wa?

Ẹni tí ó bá di ọ̀rọ̀ àníyàn mú, òtítọ́ ni ó dì mú, ṣùgbọ́n kí ó rántí èyí tí ó kù. Nínú hádíìsì tí Abu Daud gbà wá, ọkùnrin kan tí òkúta ti fọ́ lórí lójú ìrìn-àjò di ẹni tí ìwẹ̀ jánábà di dandan fún. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ wà bóyá òun lè ṣe tàyàmáámù. Wọ́n ní kò sí ìyọ̀ǹda fún un níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò kórìíra rẹ̀. Ìfẹ́ ẹ̀sìn ni ó mú wọn sọ ohun tí wọ́n sọ. Síbẹ̀, nígbà tí Ànábì gbọ́, ó bínú gidigidi, ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì béèrè ìdí tí wọn kò fi béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀, nítorí pé ìbéèrè ni ìwòsàn àìmọ̀. Ẹ kíyè sí i pé omi ni ó pa ọkùnrin yẹn, omi tí ó jẹ́ ìmọ́tótó àti ìkẹ́. Ohun rere tí a lò níbi tí kò yẹ ni.

Abu Daud kan náà gbà á wá pé ẹni tí ó bá ń ṣe oníṣègùn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n sí onímọ̀ ìṣègùn, òun ni yóò san gbèsè ohun tí ó bá bàjẹ́. A kò ní kí ó kọ́kọ́ wá sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún wa. Níhìn-ín ni a ti rí i pé nǹkan méjì ni èrò àti àbájáde. Èrò ń bẹ láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀, lórí rẹ̀ ni ẹ̀san wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pa lára kò lè fi èrò wa di ojú ọgbẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A bi ara wa pé: ṣé lóòótọ́ ni èrò wa dára tó bí a ti rò? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀fọ́ náà ni a fẹ́ràn, kí ni ó dé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo gbòǹgbò ẹyọ kan? Ó yá wa lára láti gbé nǹkan wá, nítorí pé ẹni tí ó gbé nǹkan wá ni àwọn ènìyàn ń rí. Ẹni tí ó jókòó ti ebè tí ó ń wò ó, kò sí ẹni tí yóò yìn ín. Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé kì í ṣe ìwòsàn ẹ̀fọ́ ni a ń wá, bí kò ṣe pé kí ọkàn ara wa balẹ̀ pé a ti ṣe nǹkan. Èrò rere tí ó péye ní ìwádìí nínú. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ̀, èrò rẹ̀ kò tíì pé.

Ẹnì kan lè ní bí ó bá rí báyìí, kí á káwọ́ gbera, kí á má ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ títí a ó fi di onímọ̀. Rárá o. Bí a bá káwọ́ gbera lórí ebè àkọ́kọ́, gbogbo tẹ̀tẹ̀ ni ìbá kú. Ẹni tí ó ń wò tí kò ṣe nǹkan kan, òun náà ti yan ohun kan. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ iṣẹ́ ni. A sì rí ẹni bi léèrè ládùúgbò wa. Ìwé yunifásítì wà nílé wa, ìwé kò sí lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ní Mẹ̀dínà, nígbà tí Ànábì sọ èrò tirẹ̀ nípa fífi ìtànná akọ sára igi dàbínù tí àwọn àgbẹ̀ fi í sílẹ̀, tí èso kò sì dára, ó sọ fún wọn pé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ayé wọn jù. Muslim ni ó gbà á wá. Bí Ànábì bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ta ni áàfáà tí yóò tijú láti bi ìyá àgbà léèrè?

ÈNÌYÀN KÌ Í ṢE ATA

Ìdí tí a fi sọ gbogbo èyí ni pé ọ̀rọ̀ náà kò parí sí orí ẹ̀fọ́. Ẹ wo ẹgbẹ́ wa. Arákùnrin kan kò wá ìpàdé mọ́. Arábìnrin kan ń sùn lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ewé ti ń pọ́n nìyẹn. Kí ni à ń ṣe? Wáàsí kan náà ni à ń dà lé gbogbo wọn lórí. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé wáàsí ti pọ̀ jù lórí ẹnì kan, kò rí àyè mí. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ó yẹ kó jẹ kò dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin tí ó ń sùn yẹn lè ti kiri ọjà láti Àsùbáà kí ó tó wá jókòó síwájú wa. Ẹ̀kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé sí ìlú mìíràn ni, ó ń mọ ilé tuntun, sùúrù nìkan ni ó nílò. Àwọ̀ kan náà ni a rí lójú wọn, gbòǹgbò wọn yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra pẹ̀lú àfiwé. Ata tí ó ní àrùn, a tu ú. Ènìyàn kì í ṣe ata. Ata kò lè ronú pìwà dà, a kò sì ní bi ata léèrè lọ́jọ́ Àlùkìyáámà. Ẹni tí a bá ní kí ó jìnnà díẹ̀ kí ìwà rẹ̀ má baà ran àwọn ọmọdé, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ohun mẹ́rin ni ọgbà náà fi kọ́ wa.

Èkíní, kí á wo gbòǹgbò kí á tó gbé oògùn. Kí á fara balẹ̀ gbọ́ tẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Èkejì, kí á bi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ibi yòówù kí ó jókòó sí.

Ẹ̀kẹta, kí á máa ṣe ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí á fi èyí tí ó kéré, tí a lè yí padà, ṣíwájú. Ẹni tí ó da omi, eérú àti yùríà pọ̀ lọ́jọ́ kan kò ní mọ èyí tí ó ṣe oore, kò sì ní mọ èyí tí ó ṣe ibi. Lẹ́yìn rẹ̀, ewé tuntun ni kí á máa wò. Ewé tí ó ti pọ́n kò ní padà tutù, bí ọ̀rọ̀ àná kò ti ṣeé padà sọ.

Ẹ̀kẹrin, kí á má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kí á tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan. Ọmọkùnrin tí a pè ní ọ̀lẹ ni ó bomi rin ẹ̀fọ́ jù gbogbo wa lọ. Omi tí ó pa tẹ̀tẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ibi àlùwàlá wá, níbi tí àwa olùkọ́ ti ń jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣàn nígbà tí à ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa ni à ń kọ́ àwọn ọmọ pé mudd kan, bí ẹ̀kúnwọ́ méjì àgbàlagbà, ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀bi ti wá, ọmọ ẹlẹ́yìnjú ni a sì kó o lé lórí.

Iwájú kíláàsì ni a ti bú u, nítorí náà iwájú kíláàsì ni a ti bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní ó máa sọ olùkọ́ di yẹpẹrẹ. A kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọdé náà ẹ̀tọ́ ni, èrò rere wa sí ọgbà kò sì san án. Ọmọ náà ní, "Kò sí nǹkan kan, Áàfáà." Ṣùgbọ́n ó gbé ojú sókè.

Lópin gbogbo rẹ̀, kí á rántí pé nínú súrà Al-Waqi'ah, Ọlọ́hun bi wá léèrè bóyá àwa ni à ń mú ohun tí a gbìn hù tàbí Òun. Nínú súrà Al-Hadid, Ó fi ayé yìí wé irúgbìn tí ó wu àgbẹ̀, tí ó wá gbẹ, tí a sì rí i tí ó pọ́n. Ewé kan wà tí àkókò rẹ̀ ni ó tó, tí kò sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àbájáde kò sí lọ́wọ́ wa. Wíwo gbòǹgbò, ìbéèrè, àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, ìwọ̀nyí ni ó wà lọ́wọ́ wa, lórí wọn ni a ó sì ti jíhìn.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní èrò rere àti ìmọ̀ tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Kí Ó má jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa pa ohun tí a fẹ́ràn. Kí Ó foríjì wá níbi tí a ti kù díẹ̀ káàtó. Àmín.